Tírélà tí ò lórùlé tá a fi gbé snowmobile lọ Roseau

Èmi àti ọkọ mi rẹ́ǹtì tírélà alumíníọ̀mù kan ní Minneapolis, èyí tó gba snowmobile (ọ̀kadà orí yìnyín) méjì, a sì wọ́ ọ dé Roseau, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota tí wọ́n ti ń ṣe snowmobile Polaris. Ẹ̀yin èèyàn mi, tírélà yẹn dáa gan-an! Ìdí ẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀ títí táá fi kanlẹ̀, ẹ ò nílò pákó kankan láti fi gùn ún, ṣùgbọ́n ẹ má fi eré wọlé o, torí irin abẹ́ síkì, ìyẹn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tó wà níwájú snowmobile, máa ń họ ilẹ̀ tírélà náà. Irin gbọọrọ tó tẹ síkì méjèèjì mọ́lẹ̀ níwájú le dáadáa, àmọ́ òun nìkan ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ fi okùn ratchet, okùn tó ní irin tí wọ́n fi ń fún un le, so ẹ̀yìn snowmobile lọ́tùn-ún lósì.

Ohun tó bí mi nínú ni okùn tí ṣọ́ọ̀bù yẹn fún wa. A ò tíì rìn ju máìlì 30 lọ tá a dúró ra epo, mo fọwọ́ kàn án, ó ti dẹ̀, fọ́nrán ẹ̀ sì ti ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́. Àyà mi já! Ojú ẹsẹ̀ la ra tuntun. Ẹ tún bo máṣíìnì yín, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní wíńtà kí yìnyín lè yọ́ máa ń jẹ irin.

Tírélà, ìràwọ̀ 5. Okùn wọn, 1.