Ọdún kan lórí Ọ̀nà Odi Hadrian: ẹ má rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan náà

Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Wallsend, lápá ìlà-oòrùn Newcastle, èdè méjì ni wọ́n kọ sára pátákó: Gẹ̀ẹ́sì àti Látìn. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, àpò lẹ́yìn, mo ń wo Látìn tí mi ò gbọ́. Kò tíì ju oṣù kan lọ tí mo dé ìlú òyìnbó. Ẹ̀kọ́ másítáàsì ọlọ́dún kan ni mo wá kọ́, mo sì ti pinnu pé ọdún náà kò ní tán sínú yàrá àti ilé ìkàwé. Ibẹ̀ ni èmi àti Hadrian's Wall Path, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó tẹ̀lé odi àtijọ́ àwọn ará Róòmù, ti pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá lo ọdún kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ èyí fún.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo ń lọ. Ọ̀nà náà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi bí ọ̀sẹ̀ kan rìn ín tán nígbà ooru, ohun tí wọ́n sì pàdánù pọ̀. Ẹni tó bá ní odidi ọdún lọ́wọ́, kó gé e sí wẹ́wẹ́, kó jẹ́ kí ojú ọjọ́ máa sọ apá tó kàn fún un.

Máìlì 84 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn kìlómítà 135, láti Wallsend títí dé Bowness-on-Solway létí omi lápá ìwọ̀-oòrùn. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i. Hadrian, olú-ọba Róòmù, ló ní kí wọ́n mọ odi náà lọ́dún 122. Àmì kan tó dà bí èso igi wà lára àwọn òpó ojú ọ̀nà, òun ni ẹ ó máa tẹ̀lé, ó sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ohun tó mú kó rọrùn láti gé e sí wẹ́wẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Newcastle sí Carlisle, tó ń gba Wylam, Hexham, Haydon Bridge, Bardon Mill àti Haltwhistle kọjá. Mo ń wọkọ̀ láàárọ̀, mo ń padà lálẹ́, orí ibùsùn mi ni mo sì ń sùn.

Apá àkọ́kọ́, láti Wallsend dé Heddon-on-the-Wall, tó bíi máìlì 15. Òun ló dùn kéré jù. Ọ̀dà ni ẹ ó máa tẹ̀ láti òwúrọ̀, létí odò Tyne, lábẹ́ afárá kan dé òmíràn, ẹ ò sì ní rí odi tó jọjú títí ẹ ó fi dé Heddon. Lọ́jọ́ yẹn, inú páálí ni mo ti yọ bàtà mi wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé Newburn, mi ò lè gbé gìgísẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀ mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ tutù rinrin, ìléròrò kan sì wà níbẹ̀ tó tóbi tó owó ẹyọ, awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti funfun bí èyí tó pẹ́ nínú omi. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní yunifásítì wa ló bá mi rìn. Ó wò ó, ó ní, "Àbúrò, bàtà yẹn ò jẹ̀bi tó bí o ṣe rò. Ìbọ̀sẹ̀ òwú lo wọ̀."

Òótọ́ ni. Òwú máa ń mu òógùn sínú, kò sì tètè gbẹ. Awọ ẹsẹ̀ á rọ̀, bàtà á máa họ ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni wọ́n ń wọ̀ níbí, kódà nígbà ooru. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn mo ra méjì, mo pààrọ̀ bàtà náà sí èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ, torí pé ẹsẹ̀ máa ń wú téèyàn bá rìn jìnnà, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì wọ̀ ọ́ lọ kíláàsì kí n tó tún jáde. Mi ò tún ní ìléròrò títí ọdún fi parí.

Ìgbà òtútù wá dé. Àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà náà máa ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi nígbà tí ilẹ̀ bá rin. Inú mi ò kọ́kọ́ dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Róòmù fi sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ koríko yẹn, wọn ò tíì hú u; bí bàtà bá sọ koríko di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, òjò á gbá ilẹ̀ lọ, ohun tó wà nísàlẹ̀ á bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún sí ìparí oṣù kẹwàá nìkan ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà tí àwọn tó ń rin ọ̀nà náà máa ń gbé dání. Ojúmọ́ pàápàá kúrú: nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọ̀dà etí odò tí mo bínú sí nínú oṣù kẹwàá ni mo wá padà sí. Láti Newburn, mo máa ń yà sí ọ̀nà Wylam, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kékeré tí wọ́n ti bí George Stephenson lọ́dún 1781, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọkọ̀ ojú irin, mo sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Ní àwọn oṣù tí òkùnkùn ń tètè ṣú yẹn, ìrìn yẹn ló gbé ọkàn mi dúró.

Nígbà tí ewé ń rú, tí ọmọ àgùntàn kún pápá, mo lọ sí Vindolanda, ibùdó àwọn ọmọ ogun Róòmù láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti hú àwọn pátákó igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde, tí wọ́n fi tàdáwà kọ lẹ́tà sí ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn sọ nípa ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan níbẹ̀: ìbọ̀sẹ̀, sálúbàtà ẹsẹ̀ méjì-méjì lọ́nà méjì, àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì. Mo ka ìtúmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi náà, ìbọ̀sẹ̀ ni mo sáré lọ rà lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ mi lórí ọ̀nà yìí.

Bákan náà, ẹ má fo Arbeia, ibùdó ọmọ ogun Róòmù mìíràn ní South Shields, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lójú ọ̀nà gan-an. Òkúta sàréè kan wà níbẹ̀ fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Victor. Ará Móòrù ni, láti apá àríwá Áfíríkà. Ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ni, ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó kú. Ẹlẹ́ṣin ogun kan tó ń jẹ́ Numerianus ló sin ín. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sára òkúta náà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Mo pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Oṣù kẹfà ni kí ẹ pa mọ́ fún àárín ọ̀nà, láti Housesteads dé Walltown. Orí àpáta gàgàrà ni odi náà gbà níbẹ̀, ẹ ó gòkè, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tún gòkè, títí dé Winshields tó ga ní mítà 345, ibi tó ga jù lọ ní gbogbo ọ̀nà náà. Àgùntàn ń jẹko níbi tí ẹ̀ṣọ́ ogun ń dúró sí láyé ọjọ́un. Ní Sycamore Gap, kùkùté igi ńlá tí wọ́n gé lulẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń rú ẹ̀ka tuntun, ewé rẹ̀ rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ fi ń kù dẹ̀dẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ń lé yín. Màlúù tó bá ní ọmọ lẹ́sẹ̀ nìkan ni kí ẹ yẹra fún. Ẹ má gba àárín òun àti ọmọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì AD122 ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀ láti Hexham tàbí Haltwhistle, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà lọ́dún ló ń ṣiṣẹ́ déédéé, ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, láti Gilsland, ni mo rìn papọ̀ nínú oṣù kẹjọ, mo sì sanwó fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń báni gbé ẹrù láti ilé àlejò kan dé òmíràn. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ní Carlisle, ẹrù mi kò dé. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àlejò mìíràn. Aṣọ òógùn ni mo fi sùn, ó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó gbé e wá. Wọ́n bẹ̀ mí, àmọ́ àkókò mi ti lọ. Mi ò ní kí ẹ má lò wọ́n, ẹ̀yìn á sinmi. Ṣùgbọ́n oògùn, ṣájà àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan, inú àpò tó wà lẹ́yìn yín ni kó máa wà.

Àkókò tó lọ yẹn ṣe pàtàkì, torí pé lẹ́yìn Burgh by Sands, títì náà gba inú àbàtà kọjá, òkun sì máa ń bò ó nígbà tí omi bá kún. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, tó ní kí ẹ mọ wákàtí tí omi yóò kún. Nígbà tí mo fi máa dé, omi ti ń gun títì bọ̀, ó ń rọra wá, láìpariwo. Mo padà sí abúlé, mo lò tó wákàtí méjì níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òkúta àwọn ará Róòmù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n sì fi àmì ìrántí sí abúlé náà fún àwọn ọmọ ogun Móòrù láti Áfíríkà tí wọ́n fi ṣọ́ ibùdó tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta. Ká ní ẹrù mi dé lásìkò ni, mi ò bá ti sáré kọjá lára rẹ̀.

Omi fà, títì náà ń dán, koríko òkun sì wà kálẹ̀ lórí rẹ̀. Mo rìn ín dé Bowness pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ, mo lu òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Carlisle láti ibẹ̀ kò pọ̀ lóòjọ́, ẹ ti wo wákàtí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti omi kí ẹ tó gbéra.