Ẹ ṣọ́ra fún kúlà jíà "tuntun" tí wọ́n ń tà ní Òṣogbo

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi Hilux dísẹ́ẹ̀lì fa ẹrù, pàápàá tó bá jẹ́ ọtọmátíìkì. Ẹ má tíì sanwó kúlà, ohun tó ń mú kí ọ́ìlì jíà tutù, fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi ka èyí tán.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré lèmi máa ń so mọ́ ìdí Hilux tèmi, láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà. Mọ́tò tó bá ń wọ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun òkè, jíà ló ń jìyà ẹ̀. Inú tọ́kù kọnfátà, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún jíà, ni ooru ti ń jáde jù, ọ́ìlì jíà ló sì ń gbé e lọ sí kúlà. Bí ọ́ìlì bá wà ní bíi 80 sí 95°C, kò sí wàhálà. Tó bá ń kọjá 120°C léraléra, pupa rẹ̀ á di dúdú, á máa rùn bí ohun tó jóná. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi kúlà ńlá kún èyí tó wà nínú rédíétọ̀.

Mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta pátì. "Ẹ̀gbọ́n, tuntun ni o, ẹ wo páálí ẹ̀." ₦85,000 la parí ẹ̀ sí, ó tún fi hóòsì ṣe èènì. Páálí tuntun ni lóòótọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì fi ń ké, tí mọ́tò ò lọ. Bàbá mẹkáníìkì mi tú kúlà, ó rọ pẹtiróòlù sí i, ó mì í, ó dà á sórí aṣọ funfun. Ẹrẹ̀ dúdú ló jáde, pẹ̀lú irin lẹ́búlẹ́bú tí òòfà ń fà. "Ọmọ mi, ta ló ta ikú yìí fún ẹ?" Ẹ lè ní jíà tèmi ló da ẹrẹ̀ sí i. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí Bàbá fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara kúlà náà, tí ojú ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí hàn síta.

Ara mọ́tò tí jíà rẹ̀ ti kú ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí jíà bá kú, irin tó lọ̀ á ṣàn lọ sá pamọ́ sí kúlà. Kúlà tó ní àwo pẹlẹbẹ lórí ara wọn ló burú jù, ojú ọ̀nà inú rẹ̀ tóóró, fífọ̀ kì í mú un mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún jíà ṣe náà, ẹ má dá kúlà àtijọ́ padà.

Tuntun gidi máa ń ní ìdérí lẹ́nu méjèèjì, inú rẹ̀ á gbẹ, kò ní rùn ọ́ìlì. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ń de nọ́ọ̀tì sí: tí ọ̀dà bá ti kún inú rẹ̀, ẹ máa lọ. Hóòsì èènì yẹn ńkọ́? Ti pẹtiróòlù ni. Ọ́ìlì jíà gbígbóná ti sọ ọ́ di rọ̀bọ̀tọ̀.

Mo padà lọ bá a. Ó ní ẹrù mi ló pọ̀ jù, kò dá kọ́bọ̀ padà. Lánàá mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ó ti kun kúlà méjì míì ní ọ̀dà dúdú, ó sá wọn sóòrùn.