Nọ́ọ̀bù Aláwọ̀ fún Synthesizer: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Bí synthesizer kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn orin, bá ní nọ́ọ̀bù ọgbọ̀n tí wọ́n ń fọwọ́ yí lójú rẹ̀, tí gbogbo wọn sì dúdú, ojú ní láti ka àkọlé kí ọwọ́ tó mọ èyí tí yóò yí. Àwọ̀ ló ń gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ojú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Roland gbé TR-808, ẹ̀rọ ìlù wọn, jáde ní 1980, wọ́n pín bọ́tìnì 16 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin mẹ́rin: pupa, àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò, funfun. Ẹni tó ń lò ó kò nílò kíkà kó tó mọ ibi tí ìlù dé. Ohun tí àwọ̀ nọ́ọ̀bù wà fún nìyẹn, ẹwà ló tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ọ̀pá kí ẹ tó wo àwọ̀

Lábẹ́ nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá kékeré kan wà, òun ló sì máa sọ ohun tí ẹ lè rà. Ọ̀pọ̀ owó tó ń ṣòfò nídìí nǹkan yìí, ibí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi ọ̀pá mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Ọ̀pá D fẹ̀ ní mílímítà 6, wọ́n sì gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ pẹrẹsẹ. Nọ́ọ̀bù rẹ̀ kò nílò síkùrúù, ẹ kàn máa tì í wọlé ni. Ìlà atọ́ka ni kí ẹ ṣọ́. Lára nọ́ọ̀bù kan, ìlà náà wà ní òdìkejì ibi pẹrẹsẹ. Lára òmíràn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní dígírì 90. Bí ẹ bá ra èyí tí kò bá tiyín mu, aago mẹ́ta ni yóò máa tọ́ka sí nígbà tó yẹ kó wà ní aago méjìlá, kò sì sí bí ẹ ṣe lè tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ DJ TechTools fi ń ta Chroma Caps, nọ́ọ̀bù aláwọ̀ wọn, ní oríṣi 90 àti oríṣi 180.

Ọ̀pá eléyín, tí wọ́n ń pè ní T18, ní eyín 18 yí ká, orí rẹ̀ sì là sí méjì. Ẹ lè fi ìlà sí eyín tó wù yín, ṣùgbọ́n láti eyín kan sí èkejì jẹ́ dígírì 20, nítorí náà ìlà lè fi dígírì 10 yà kúrò níbi tó yẹ. Lórí filter, ibi tó ń gé apá kan kúrò lára ohùn, kò séwu. Lórí nọ́ọ̀bù tó ń yan nọ́ńbà tàbí tó ń tún gíga ohùn ṣe (tuning), yóò máa tàn yín jẹ.

Ọ̀pá róbótó tó dán ni ẹ̀kẹta, síkùrúù ló sì ń di nọ́ọ̀bù rẹ̀ mú. Òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibi tí ẹ bá fẹ́ gan-an ni ìlà yóò dúró. Àmọ́ ọ̀pá róbótó mílímítà 6 wà, ti 6.35 náà sì wà. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀bù 6.35 sórí ọ̀pá 6, síkùrúù yóò tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, nọ́ọ̀bù á sì máa mì bó ṣe ń yí.

Ẹ má fi agbára ti nọ́ọ̀bù D wọ ọ̀pá eléyín. Yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò fá eyín náà, nọ́ọ̀bù tó bá ẹ̀rọ náà wá gan-an kò sì ní dì mọ́ ọn mọ́.

Nọ́ọ̀bù odindi

Davies 1900h ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan module, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí wọ́n ń tò pọ̀ di synthesizer, fúnra wọn mọ̀. Ó fẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 13, ike líle ni, ti gidi rẹ̀ sì wà fún ọ̀pá róbótó 6.35 pẹ̀lú síkùrúù. Àwọn àfarawé rẹ̀ ló wà fún D àti T18, àwọn náà ló sì ní àwọ̀ jù. Rogan PT, tí ilé iṣẹ́ Mutable Instruments lò lórí àwọn module wọn, rọ̀ lọ́wọ́, kì í sì í yọ̀ bí ọwọ́ bá làágùn. Àwọ̀ rẹ̀ kò tó ti àfarawé Davies. Fún ẹni tó ń ṣeré fún wákàtí pípẹ́, Rogan ni kó rà. Fún ẹni tó fẹ́ pín ẹ̀rọ sí apá márùn-ún, kó mú àfarawé Davies. Chroma Caps dára lórí ẹ̀rọ MIDI (èyí tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ orin mìíràn) tó ní ọ̀pá D, tí nọ́ọ̀bù rẹ̀ sì súnmọ́ra.

Ẹ bi ẹni tó ń tà bóyá rọ́bà tó wà lára nọ́ọ̀bù jẹ́ èyí tí wọ́n dà mọ́ ike tàbí èyí tí wọ́n fọ́n sí i bí ọ̀dà. Èyí tí wọ́n fọ́n sí i máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, pàápàá níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀.

Ẹ wọn àyè pẹ̀lú. Lórí Eurorack, ìyẹn ìlànà ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe module, HP ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀, HP kan sì jẹ́ mílímítà 5.08. Bí àárín ọ̀pá méjì bá jìnnà síra ní HP 3, ìyẹn 15.24, nọ́ọ̀bù 13 méjì yóò fi àyè 2.24 péré sílẹ̀, ìka kò ní gbà á. Mílímítà 10 ni kí ẹ rà níbẹ̀.

Rọ́bà tó ń súnkì

Bí ẹ kò bá fẹ́ pààrọ̀ nọ́ọ̀bù, ẹ ra heat shrink aláwọ̀, ìyẹn rọ́bà oníhò tó ń súnkì bí ooru bá kàn án. Fún nọ́ọ̀bù tó fẹ̀ ní mílímítà 12, ẹ mú èyí tó fẹ̀ ní 16 tó ń súnkì dé ìdajì. Yóò dì mọ́ ọn dáadáa. Ẹ gé e ní mílímítà 6 sí 8, kó má bo ìlà atọ́ka. Ike ABS, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀bù, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bíi dígírì 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, rọ́bà yìí sì ń súnkì ní àyíká ibẹ̀ náà, nítorí náà ẹ yọ nọ́ọ̀bù kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹ lo dráyà onídìrí, ẹ má lo iná ìṣáná. Ó rọjú ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì ṣe é yọ padà.

Ọ̀dà

Kútẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá sí. Oògùn inú rẹ̀ máa ń jẹ ABS, ojú ike á sì wú. Posca, pẹ́ẹ̀nì ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má kun gbogbo nọ́ọ̀bù, ìka ni yóò nu ún kúrò. Ìlà atọ́ka tó jinlẹ̀ nìkan ni kí ẹ kùn: ẹ fi ọtí isopropyl nu ún, ẹ kó ọ̀dà sínú ìlà náà kó kún àkúnya, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ẹ fi etí káàdì ike fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó wà nínú kòtò yóò kù síbẹ̀, ó sì ń pẹ́.

Yíyọ àti fífi sí i

Ẹ kọ́kọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀bù sí apá òsì pátápátá kí ẹ tó yọ wọ́n, kí ẹ lè mọ ibi tí ìlà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá síkùrúù ní ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí, ẹ fi okùn bàtà sí abẹ́ nọ́ọ̀bù, ẹ fà á sókè gbọọrọ. Ẹ má fi sìkùrúdíráfà gbé e láti ẹ̀gbẹ́ kan: yóò ha ojú ẹ̀rọ, ó sì lè já ojú ìdè pot, ẹ̀yà tí ọ̀pá náà ti jáde wá, kúrò lára bọ́ọ̀dù, pàápàá lórí ẹ̀rọ tí pot rẹ̀ kò ní nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ ojú páńẹ́lì. Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ fi àyè mílímítà kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ bíi bọ́tìnì nílò tó méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé.

Àwọ̀ wo?

Àwọ̀ márùn-ún ti tó: oscillator (ibi tí ohùn ti ń wá), filter, envelope (bí ohùn ṣe ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀), LFO (ohun tó ń mú ohùn gbọ̀n), ohùn àbájáde. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kò ní rántí mọ́. Lábẹ́ iná pupa orí pèpéle, nọ́ọ̀bù pupa àti funfun á jọra, búlúù á sì dà bíi dúdú. Ẹni tó ń ṣeré lálẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi pupa àti funfun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn ọkùnrin kan wà tí kì í mọ̀yàtọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé dáadáa, búlúù àti yẹ́lò sì yé wọn jù.

Ẹ ra ẹyọ méjì lé lórí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà, torí pé àwọ̀ èyí tí ẹ bá rà lẹ́yìn náà lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ kó àwọn nọ́ọ̀bù tó bá ẹ̀rọ wá sínú àpò kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú yóò bèèrè wọn.