Spacer àti omi inú táyà: ohun tí mo rà kí tírákítọ̀ mi má baà ta kìtì lórí òkè

Ọmọ Èkìtì ni mí, òkè ò lè dẹ́rù bà mí, ohun tí mò ń sọ fúnra mi nìyẹn nígbà tá a ra ilẹ̀ éékà mẹ́ta yìí ní ìlà-oòrùn Tennessee, tí gbogbo ẹ̀yìnkùlé dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan tí mò ń gé koríko ní ìbú òkè, tí táyà ẹ̀yìn tó wà nísàlẹ̀ jìn sí ihò groundhog, ẹran kan báyìí ni, bí òkété tó sanra, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ kiri. Mo bojú wòkè, táyà tòkè ti kúrò nílẹ̀! Kò pẹ́ rárá tó fi padà balẹ̀, ṣùgbọ́n mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ Gádárà ni mò ń rántí.

Látìgbà yẹn mo ti náwó sí nǹkan mẹ́ta, mo sì ti lò wọ́n fún ọdún kan lé díẹ̀, ni mo ṣe ní kí n wá sọ bó ṣe rí, torí ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ni ọmọ Yorùbá tó lọ ra ilẹ̀ olókè níbí.

Spacer ni mo kọ́kọ́ rà, bíi 350 dọ́là. Irin róbótó tó nípọn ni, wọ́n máa ń dè é sáàárín ríìmù àti ibi tí ríìmù ń jókòó sí, kí táyà lè yọ síta, tèmi yọ íńṣì mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Tírákítọ̀ mi, 25 horsepower, láti etí táyà ẹ̀yìn kan dé ìkejì, íńṣì 48 péré ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 56. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń gún iyán tó pa ẹsẹ̀ pọ̀ rí? Ẹsẹ̀ tírákítọ̀ gan-an ni spacer ń bá a yà. Ẹ̀yìn ni ẹ fi í sí o, ẹ má wulẹ̀ náwó sí tiwájú, torí orí píìnì kan ṣoṣo láàárín ni iwájú dúró lé, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ilẹ̀ bá ṣe rí, kì í di ara tírákítọ̀ mú àfi tó bá fì dé òpin, nígbà yẹn ẹ̀pa ò fẹ́ẹ́ bóró mọ́.

Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ìyà tí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á fi jẹ mí, mi ò ní dárúkọ wọn ṣá. Mo ya fọ́tò ríìmù ránṣẹ́, ihò mẹ́fà gbọnrangandan, wọ́n fi oníhò márùn-ún ránṣẹ́ sí mi. Mo pè, wọ́n ní èmi ni máa san owó tí wọ́n á fi gbé e padà, irin tó wúwo báyẹn! Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí èyí tó bá a mu, ibòmíì ni mo sì ti rà á. Ohun míì ni pé ẹ má fi agbára apá lásán dè é, torque wrench ni, sípánà tó ń sọ bí agbára tẹ́ ẹ fi ń dè é ṣe pọ̀ tó, iye tó wà nínú ìwé ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dè é sí, tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ bíi wákàtí méjì kẹ́ ẹ tún padà yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì ṣì yí bíi ìdá mẹ́rin òbìrípo, èmi tí mo rò pé mo ti dè é kú. Àléébù tó kù ni pé abẹ tó ń gé koríko lábẹ́ ikùn tírákítọ̀ ò ju íńṣì 54 lọ, táyà wá ń tẹ koríko tí abẹ ò tíì kàn, ó ń fi ìlà sílẹ̀, ìyàwó mi ní ó dà bí irun tí bábà ò gé tán.

Omi inú táyà wá ni ọ̀gá wọn. Fọkanáísà kan gbé ẹ̀rọ wá bá mi nílé, ó fa Rim Guard sínú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, omi dúdú kan tí wọ́n ń rí lára sugar beet, gbòǹgbò kan tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, ó ń rùn bíi ṣúgà tó jóná. Wọ́n á yí táyà kí ẹnu tí wọ́n ń gbà fẹ́ ẹ wà lókè, omi náà á kún débẹ̀, ìyókù jẹ́ afẹ́fẹ́. Bíi gálọ́ọ̀nù 20 ló wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, gálọ́ọ̀nù kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó páùn 11, ẹ ṣírò ẹ̀, bí ọkùnrin gìdìgbà méjì ló ṣe lọ jókòó sísàlẹ̀ pátápátá. Mo san 230 dọ́là. Èèyàn lè ní kí ló dé tí mi ò rọ omi ẹ̀rọ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, yìnyín ibí á sọ ọ́ di òkúta ni. Calcium chloride, iyọ̀ tí àwọn míì ń pò mọ́ omi kó má baà dì, ń jẹ ríìmù, antifreeze tó wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n ń rọ sí rédíétọ̀ ọkọ̀, sì ń pa ajá, ajá mi sì máa ń lá gbogbo nǹkan.

Ẹ̀kẹta ni kiní kékeré oníbọ́ọ̀lù tó ń fi dìgírì sọ bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó, 25 dọ́là. Ó ka 18 níbi tí mo ti fẹ́ẹ́ kú yẹn! Ní báyìí, tó bá ti kọjá 12 ní ìbú, mo máa ń yí i ni, kí n máa lọ sókè bọ̀ sísàlẹ̀. Orí four-wheel ni mo sì máa ń fi í sí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí táyà iwájú náà lè bá wọn dì í mú, torí ẹ̀yìn nìkan ni bíréékì wà, tí ẹ̀yìn bá fúyẹ́, kò sí bíréékì nìyẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, mo ti yọ ọ́ kúrò pátápátá tó bá ti di koríko gígé.

Irin tó wà lẹ́yìn orí wa, tí kì í jẹ́ kí tírákítọ̀ tẹ èèyàn pa tó bá ta kìtì, ńkọ́? Ọ̀fẹ́ nìyẹn, ó bá tírákítọ̀ wá ni, láti 1985 ni àwọn tó ń ṣe tírákítọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń fi sí èyí tó bá ju 20 horsepower lọ. Mo máa ń ká a wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí ẹ̀ka igi. Mo ti gé ẹ̀ka igi náà jàre, bẹ́líìtì sì ń bẹ níbàdí mi.

Máàkì mi: omi 9 nínú 10, kiní oníbọ́ọ̀lù 8, spacer 7. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ni owó yín ká, omi ni kẹ́ ẹ rà. Oníhò márùn-ún yẹn ṣì wà ní gàráàjì mi o, ẹni tí ríìmù ẹ̀ bá bá a mu kó yọjú, iye tí mo rà á kọ́ ni máa tà á.