Deep Forest: àwo orin tí ó dùn, tí kò dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ àwo orin tí wọ́n ń pè ní Deep Forest. Mo fẹ́ràn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ tí inú fi ń bí mi sí i. Ọdún 1992 ni ó jáde. Àwọn ọkùnrin Faransé méjì, Eric Mouquet àti Michel Sanchez, ni wọ́n ṣe é, Dan Lacksman tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m sì ni ó bá wọn darí iṣẹ́ náà. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára àwo náà gedegbe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn wọn ni ó tà á. Ohùn tí ó tà á ni ohùn àwọn ènìyàn tí àwọn onímọ̀ orin ìbílẹ̀ ti gbà sílẹ̀ ní abúlé àti nínú igbó ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí wá gé ní kéékèèké, tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì da dùùrù ìgbàlódé àti ìlù ẹ̀rọ bò.

Sample ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ orin ń pe irú àgékù ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀ lè fi ojú inú wo aránṣọ tí ó rí aṣọ òkè àtijọ́ nínú àpótí ẹlòmíràn, tí ó gé etí rẹ̀, tí ó rán an mọ́ ọrùn bùbá tuntun, tí gbogbo ẹni tí ó rí bùbá náà lóde wá ń yin ọrùn rẹ̀. Ọrùn náà lẹ́wà lóòótọ́, aránṣọ náà sì mọ iṣẹ́. N kò ní fi ìyẹn dù ú. Ti ẹni tí ó hun aṣọ òkè náà ni ó ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọjà gba àwo yìí dáadáa. Ó tà ju mílíọ̀nù méjì lọ káàkiri ayé, wọ́n yàn án mọ́ àwọn tí ó du ẹ̀bùn Grammy, orin kejì inú rẹ̀, Sweet Lullaby, dé ipò kẹwàá lórí àtẹ orin tí ó ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1994, wọ́n sì fi ṣe ìpolówó ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwo wọn tí ó tẹ̀ lé e, Boheme, gba Grammy ní ọdún 1996. Ní ilé ìtajà orin nígbà náà, ẹ lè bá Deep Forest ní apá orin àgbáyé, ẹ sì lè bá a ní apá new age, láàárín àwọn orin tí àwọn ènìyàn fi ń sinmi, tàbí tí wọ́n fi ń jókòó jẹ́ẹ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ibi méjèèjì ni ó yẹ ẹ́, nítorí pé kò sí ariwo nínú rẹ̀, ẹ sì lè jẹ́ kí ó máa dún lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìgbà tí mo pa iṣẹ́ mìíràn tì, tí mo tẹ́tí sí i, ni wàhálà èmi pẹ̀lú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Orin àkọ́kọ́, tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú àwo náà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ọkùnrin kan tí ó jinlẹ̀ bí ohùn ẹni tí ń pa àlọ́ fún ọmọdé. Ó ní níbì kan nínú igbó kìjikìji ni àwọn ọkùnrin àti obìnrin kéékèèké kan ń gbé, pé àwọn ni àtẹ̀yìnwá wa, bóyá àwọn sì ni ọjọ́ iwájú wa. Mo máa ń fò ó kọjá. Àwọn ará igbó Àárín Áfíríkà tí ó ń sọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àtẹ̀yìnwá ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà láyé lónìí bí èmi àti ẹ̀yin ṣe wà, wọ́n ń tọ́ ọmọ, wọ́n sì ń bá àwọn agégẹdú du igbó wọn. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn sọ wọ́n di iwin inú àlọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dákẹ́, tí ìlù wọlé, tí àwọn ohùn tí ń fò láti àyà bọ́ sí orí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, n kì í lè jókòó jẹ́ẹ́.

Sweet Lullaby ni ó yẹ kí a jókòó tì. Ohùn obìnrin kan ni ó gbé e ró. Ohùn náà kò le, kò sì ga. Ó ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ tí ó ń mì ín. Ó kọ́kọ́ dá kọ ọ́. Nígbà tí ó bá tún padà dé, ẹ̀rọ ti sọ ohùn kan ṣoṣo náà di púpọ̀, tí ó fi dà bí ẹni pé odidi agbo obìnrin ni ó ń gbe orin. Láàárín ìlà orin rẹ̀ ni wọ́n ki àwọn àgékù ohùn láti inú igbó Àárín Áfíríkà bọ̀, ohùn tí ń fò sókè-sódò, tí etí tí kò bá fura yóò sì gbà pé ará ilé kan náà ni gbogbo wọn.

Obìnrin náà ń jẹ́ Afunakwa. Kì í ṣe Pígímì, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ará igbó Àárín Áfíríkà wọ̀nyẹn, kì í sì í ṣe ará Áfíríkà. Ọmọ ẹ̀yà Baegu ni, ní Malaita, ọ̀kan lára àwọn Erékùṣù Sólómọ́nì nínú òkun Pàsífíìkì. Ní nǹkan bí ọdún 1970 ni Hugo Zemp, onímọ̀ orin ìbílẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, orin náà sì jáde ní ọdún 1973 nínú àwo tí àjọ UNESCO ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Rorogwela ni orúkọ orin náà. Orin arẹmọlẹ́kún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ ọ́ fún àbúrò, nítorí pé àwọn òbí wọn ti kú. Ó ń bi àbúrò náà pé bí ó bá tún sunkún, ta ni yóò gbé e, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì ti di ọmọ òrukàn. Ó sì ń fi dá a lọ́kàn le pé láti erékùṣù àwọn òkú, ẹ̀mí àwọn òbí wọn yóò ṣì máa bójú tó wọn.

Àwa náà ní arẹmọlẹ́kún. A ó ki ọmọ ní oríkì rẹ̀, a ó pè é ní Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́, a ó bẹ̀ ẹ́ kí ó dákẹ́, pé ìyá rẹ̀ ń ti oko bọ̀. Nínú Rorogwela, kò sí ẹni tí ń ti oko bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni n kò ti lè gbọ́ Sweet Lullaby bí orin ìsinmi mọ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn ni ayé fi ń ṣe fàájì.

Mo gbé orin náà sí etí ẹ̀gbọ́n ìyá mi nígbà kan, láìsọ ohunkóhun fún wọn. Wọ́n mi orí títí ìlù fi wọlé, wọ́n wá ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ní orin ọmọ ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Wọ́n ní, “Ọmọ wo ni yóò sùn pẹ̀lú ìlù yìí?” Wọn kò gbọ́ èdè Baegu, wọn kò sì mọ ohunkóhun nípa àríyànjiyàn tí ó yí àwo náà ká, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ kan ibi tí ó ń dun orin náà.

Ìwé pélébé tí ó wà nínú àwo náà dárúkọ Gánà, ó dárúkọ Erékùṣù Sólómọ́nì, ó dárúkọ àwọn Pígímì. Ó ní UNESCO àti onímọ̀ méjì, Zemp àti Simha Arom, ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn, ó sì ṣi orúkọ Arom kọ. Kò sọ ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ti wá, kò sì dárúkọ Afunakwa. Ohun tí àìsọ yìí bí ni pé ní ọdún 1996, Jan Garbarek, afunfèrè sásófóònù tí a mọ̀ káàkiri ayé, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, fi orin Afunakwa sínú àwo tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Pygmy Lullaby. N kò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ibi tí wọ́n júwe fún un ni ó yà sí.

Zemp kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1996 kan náà. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bá òun sọ ọ́ láti UNESCO pé kí òun jẹ́ kí wọ́n lo orin náà, òun kọ̀. Pé lẹ́yìn náà ni Francis Bebey, olórin àti òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, pe òun lórí tẹlifóònù, tí òun sì gbà ní ọ̀rọ̀ ẹnu nítorí ọ̀wọ̀ tí òun ní fún Bebey. Àwọn tí ó ṣe àwo náà dúró lórí pé àwọn gba àyè. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó gba ohùn sílẹ̀ ni gbogbo wọn lọ, kò sí ẹni tí ó lọ sí Malaita. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ìlérí pé nínú owó tí àwo náà bá pa, díẹ̀ yóò lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ kan tí ń ran àwọn Pígímì lọ́wọ́. Inú rere nìyẹn, àmọ́ orin tí ó tà jù nínú àwo náà kì í ṣe ti Pígímì. Ìgbà tí arìnrìn-àjò ọmọ Amẹ́ríkà kan, Matt Harding, ti lo Sweet Lullaby nínú fídíò ijó rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2006, ni ó wá obìnrin náà lọ sí Malaita, tí wọ́n sì sọ fún un pé Afunakwa ti kú láti ọdún 1998.

Ní ti àwọn orin tí ó ti inú igbó Àárín Áfíríkà wá lóòótọ́, ẹjọ́ tí mo ní bá àwo náà ṣe jẹ́ ẹjọ́ etí. Ẹni tí ó bá ti dúró ti agbo dùndún rí mọ̀ pé gúdúgúdú ní iṣẹ́ tirẹ̀, kẹríkẹrì ní tirẹ̀, ìsáájú ní tirẹ̀, ìyáàlù sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí gbogbo wọn. Bí ẹ bá yọ gúdúgúdú nìkan kúrò, kí ẹ máa gbọ́ ọ lọ́tọ̀, kì í tún ṣe dùndún mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin àwọn Aka, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Pígímì, rí. Olórin kan lè di ohùn bíi mélòó kan mú, kí ó máa yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, kí èkejì máa dá a lóhùn ní àlàfo tí ó fi sílẹ̀, kí ẹ̀kẹta gba àárín wọn wọlé. Nígbà tí Mouquet àti Sanchez bá fa ohùn kan yọ, tí wọ́n gbé e ka orí ìlù ẹ̀rọ tí ń lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin bí ìró aago, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dá a lóhùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyáàlù máa ń gbọ́ akéwì, ó máa ń dúró dè é, ó sì máa ń sáré bá a. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ní etí. Wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí dùùrù ti dákẹ́, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ yí ohùn ká, wọn kò sì jẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fara wé wọn lẹ́yìn náà kò lè ṣe. Ìgbohùnsílẹ̀ náà mọ́ gaara; títí di òní, kò dún bí orin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Hunting àti Savana Dance dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ jó. Night Bird ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn Sweet Lullaby. White Whisper àti Desert Walk kò ṣe mí ní nǹkankan, mo sì ti sùn lọ lórí Desert Walk ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bóyá ohun tí wọ́n sì fẹ́ kí n ṣe nìyẹn. Ẹ̀dà kejì Sweet Lullaby tí ó wà ní ìparí àwo náà, tí wọ́n ti dín ìlù kù nínú rẹ̀, sàn fún mi ju ti àkọ́kọ́ tí ó gba ayé kan lọ.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ rà á, n ó ní kí ẹ rà á, pàápàá bí ẹ bá rí i ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wá Rorogwela gan-an gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohùn Afunakwa nìkan, láìsí dùùrù, láìsí ìlù. Kò gùn rárá. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi àwo náà sínú ẹ̀rọ. Ní tèmi, mo ti fi báírò kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí ẹ̀dà tí mo ní, ní ẹ̀gbẹ́ orin kejì.