Wíwá Ọwọ́ Ahunṣọ Nínú Ọpọlọ: Iṣẹ́ Tí Ilé Àyẹ̀wò MRI Kan Ṣe Fún Wa Ní Ìlọrin

Dókítà oníṣẹ́ abẹ sọ fún wa pé kókó tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sún mọ́ apá tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Alhájì bi í: ṣé àwọn yóò tún lè hun òfì? Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń ṣe lẹ́bàá Ọjà-Ọba kí wọ́n tó bí mi. Dókítà ní kí a kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò tí yóò fi ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ náà wà nínú ọpọlọ hàn kí òun tó mú ọ̀bẹ, ó sì júwe ilé àyẹ̀wò aládàáni kan fún wa láàárín ìlú, tó ní MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya fọ́tò inú ara. Mi ò ní dárúkọ wọn.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó iwájú ilé wọn, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀rọ àwọn ń fi èrò inú ènìyàn hàn. Irọ́ ni, òṣìṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ ló sì já a. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà kúnlẹ̀ kí Alhájì, ó ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ la máa wò, kì í ṣe èrò yín.” Lẹ́yìn náà ló fara balẹ̀ ṣàlàyé. Èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ kì í hùwà kan náà níwájú òòfà: bí ọ́síjìn bá wà lára rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ òòfà lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ ẹrù náà kalẹ̀, a máa da agbára òòfà àyíká rẹ̀ rú, ojú fọ́tò ibẹ̀ a sì ṣókùnkùn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Linus Pauling àti Charles Coryell ti rí ìyàtọ̀ yìí láti 1936, àmọ́ ó di 1990 kí Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà tó fi ọpọlọ eku hàn pé a lè fi ya fọ́tò.

Èmi rò pé ibi tí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́, ọ́síjìn ibẹ̀ ni yóò dín kù. Òdìkejì ni. Ara a máa fi ẹ̀jẹ̀ tuntun ránṣẹ́ ju èyí tí ibẹ̀ lè lò lọ, bí ìyálé tó gbọ́ pé àlejò mẹ́ta ń bọ̀ tó ro ọkà ènìyàn mẹ́wàá, nítorí náà ọ́síjìn inú àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà sí ọkàn a pọ̀ sí i, ojú fọ́tò a sì mọ́lẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà kò ju bí ìdá 1 sí 5 nínú 100 lọ, ó sì ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 6 kí ó tó dé góńgó. Ìdí nìyẹn tí orí kò fi gbọdọ̀ mì rárá.

Wọ́n gba òrùka àti àwọn tírà, nítorí irin wà lára ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí Alhájì fi ọwọ́ ara wọn kó wọn lé mi lọ́wọ́, mo sì mọ rírì ìyẹn. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan. Alhájì ń fi ìka lu àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, wọ́n á sinmi fún 30, nínú ariwo bí ẹni ń lu páànù. Iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, jẹnẹrétọ̀ kò tètè dáhùn, a sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tó ń gba irú owó yẹn kò yẹ kó bá ara rẹ̀ nínú irú èyí.

Àléébù tó wúwo jù wà nínú ìwé àbájáde. Ibi méjì ló pọ́n lórí fọ́tò, àwọ̀ tí wọ́n fi sàmì sí ibi tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ ló wà níbi méjèèjì. Dókítà oníṣẹ́ abẹ wò ó, ó ní ọ̀kan nínú wọn jókòó lórí iṣan ńlá kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó ní bí aláró bá da omi aró nù, a lè rí àwọ̀ rẹ̀ nínú gọ́tà ìsàlẹ̀ àdúgbò, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ìkòkò aró wà. Ó fi kún un pé kókó lè ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ìtòsí rẹ̀ jẹ́, débi pé ibi tí kò pọ́n rárá lè ṣì máa ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí àwọn tó gba owó wa ti sọ ìwọ̀nyí kí á tó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

A padà lọ fún fọ́tò àwọn iṣan nìkan, kí wọ́n lè gbé méjèèjì léra. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan náà ló dá wa lóhùn. Ó bẹ Alhájì, ó parí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, wọn kò gba kọ́bọ̀ kún un, wọ́n sì fi àmì sí iṣan ńlá náà nínú ìwé tuntun. Nítorí tirẹ̀, mo lè júwe ibẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo gba iwájú ilé náà kọjá ní Jímọ̀ tó kọjá, pátákó náà ṣì wà níbẹ̀.