Lẹ́sìnnì ìṣirò tọ́mọ mi ń lọ ní Kàbà

Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ mi obìnrin bá ti rí 3/4 + 2/5 báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tíṣà ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ó ní kó kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù sínú ìwé. Ó ní ìbẹ̀rù ló ń gba àyè mọ́ nọ́ńbà lọ́wọ́ nínú ọpọlọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní owó mi ti wọgbó.

Lálẹ́ àná, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń dá sọ̀rọ̀ nídìí 3/4 + 2/5 yẹn: "Ẹ̀rù ti ń bà mí, ẹ jẹ́ n mí ná." Ó sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di 20, ó rí 23/20. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ni omi bọ́ lójú mi.

Bẹ́ǹṣì lẹ́sìnnì wọn ń mì ṣá, ẹ̀fọn ibẹ̀ ò sì kéré.